Owó orí ilé kejì ní Wales: ta ló ti bá kánsù sọ ọ́ rí?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n a ní ilé kékeré kan létí òkun ní Wales, tí a máa ń fi háyà fún àwọn tó wá lo ìsinmi. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó lè san owó orí okòwò (business rates) níbẹ̀ dípò owó orí ilé tí kánsù ń gbà (council tax), ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún àlejò fún ọjọ́ 252 láàárín oṣù 12, kí wọ́n sì háyà rẹ̀ fún ọjọ́ 182 ó kéré tán. Ọjọ́ 161 ni tiwa rí. Kánsù wá kà á sí ilé kejì, wọ́n sì bu èlé lé owó orí rẹ̀, nítorí òfin gbà wọ́n láyè láti fi tó 300% kún un.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìlú náà ń wá ilé tì, ọ̀rọ̀ wọn sì ká mi lára gan-an. Ṣùgbọ́n ní England, ọjọ́ 70 péré ti tó! Ṣé ó tọ́ kí a ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò rí àlejò tó mọ́ ẹni tó ti ilé rẹ̀ pa láti ọdún dé ọdún?

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé (planning permission) ilé wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ibùgbé gbére, mo sì gbọ́ pé èyí lè yọ wá nínú èlé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti gba ọ̀nà yìí rí? Irú ẹ̀rí wo ni kánsù béèrè lọ́wọ́ yín, ó sì tó ìgbà wo kí wọ́n tó fèsì?