Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bàbá àwọn ọmọ mi ò sanwó ìtọ́jú wọn mọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kúulé o. Kóòtù Gíga l'Ádó-Èkìtì ló tú wa ká, adájọ́ sì ní kí bàbá àwọn ọmọ máa san ₦40,000 lóṣooṣù. Ó san díẹ̀, ó bá dáwọ́ dúró. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Bí mo bá pè é, á ní kí n lọ gbowó lọ́wọ́ adájọ́. Kí ni ṣíṣe?

Adé Ìkéré: Ọ̀dọ̀ adájọ́ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Kóòtù kì í fúnra ẹ̀ wá onígbèsè kiri, ẹni tí wọ́n jẹ ló ń padà lọ fẹjọ́ sùn. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ kóòtù àti sítétímẹ́ǹtì báńkì yín. Oṣù tí kò san á hàn gedegbe níbẹ̀.

Màmá Ìjerò: Ṣé ẹ ti rí àwọn àgbà ilé wọn? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìyá Ìbejì: A ti ti kóòtù bọ̀ ná, mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ò dá sí i.

Akọ̀wé Lọ́yà: Kóòtù lè pè é wá sọ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Bó bá hàn pé ó lówó, tó kàn mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni, ẹ̀wọ̀n lè wọ̀ ọ́. Kóòtù tún lè pàṣẹ kí báńkì rẹ̀ yọ owó náà fún yín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí owó oṣù tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ò ṣeé gbẹ́sẹ̀ lé àfi tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tó gbà á síṣẹ́ (Attorney-General) bá fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ná.

Bọ́dé Ọ̀yẹ́: Ẹ má jẹ́ kó fojú kan àwọn ọmọ títí á fi sanwó!

Akọ̀wé Lọ́yà: Ẹ má dán an wò, mà. Bí kóòtù bá ti ní kó máa rí wọn, ẹ̀yin lẹ máa di arúfin. Owó lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Bó bá sì ní nǹkan le fún òun, kó lọ bẹ adájọ́ kó dín in kù. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè ń gorí gbèsè ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Owó lọ́yà wá ńkọ́?

Adé Ìkéré: Ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fi lọ́yà ran aláìní lọ́wọ́, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, l'Ádó. Wọ́n ń gba ẹjọ́ ẹni tí ò lówó rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa sanwó ẹ̀dà ìdájọ́ ní kóòtù, ẹ rí i pé ẹ gba rìsíìtì.