Irú kọfí wo ni àwọn ará Éṣíà ń gbìn, èwo ló sì bá ilẹ̀ wa mu?

Ọmọ Ìyàmoyè béèrè:
Òkun o, ẹ̀yin ará. Oko kọfí tí bàbá wa fi sílẹ̀ ti di igbó, àwọn igi rẹ̀ sì ti ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn Brazil, kò sí orílẹ̀-èdè tí kọfí rẹ̀ pọ̀ tó ti Vietnam. Ẹ jọ̀ọ́, irú wo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀? Ṣé kí n hú tiwa, kí n wá irúgbìn tiwọn?

Àgbẹ̀ Kábà:
Àbúrò, má hú u. Robusta ló pọ̀ jù lọ ní Vietnam, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn bàbá wa gbìn láti Kábà dé Ìjùmú. Áfíríkà ni igi náà ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni àwọn ará Holland kó o lọ sí Java, erékùṣù kan ní Indonesia, nígbà tí àrùn kan tó ń hù lábẹ́ ewé bí ìpẹtà ti ba Arabica, irú kọfí mìíràn tí wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀, jẹ́. Àrùn yìí kan náà ló bẹ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka ní 1869, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi pa kọfí tì, tí wọ́n gbin tíì.

Ìtọ́jú ni àwọn ará Vietnam fi jù wá lọ. Ní agbègbè Buôn Ma Thuột níbẹ̀, bí igi bá darúgbó, wọ́n á gé e di kùkùté, wọ́n á sì so ọ̀mùnú igi mìíràn tó ń so dáadáa mọ́ ọn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á bomi rin oko kí òdòdó lè tú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí àwa ń dúró de àkọ́rọ̀ òjò. Má ṣe mú ọ̀mùnú láti ara igi kan ṣoṣo o: Robusta kì í gba àtíkè òdòdó ara rẹ̀, igi tó yàtọ̀ síra ló gbọ́dọ̀ wà nínú oko kí ó tó so.

Ìyá Oko, Mọpà:
Òótọ́ ni. Ọmọ mi, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Arabica fún ọ. Ní Chikmagalur ní Íńdíà, orí òkè tó tutù ni wọ́n ń gbìn ín sí, Kábà kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Catimor, irú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní Yunnan ní Ṣáínà, ní ẹ̀jẹ̀ Robusta nínú, láti ara igi tí Arabica àti Robusta fúnra wọn dà pọ̀ bí ní erékùṣù Timor, ṣùgbọ́n ibi tútù lòun náà ń fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí á kọ́ lára àwọn ará Íńdíà ni bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ata dúdú, ìbátan iyèré wa, gun àwọn igi tó ń ṣíji bo kọfí, tí oko kan fi ń mú owó méjì wọlé.

Ará Ògìdì:
Ẹ má gbàgbé Liberica, irú kọfí mìíràn tí wọ́n ń pè ní Barako ní Batangas ní Filipínì. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lòun náà ti lọ, ó sì ń fara da ooru ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìyàmoyè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbà wo ni kí n gé e?

Àgbẹ̀ Kábà:
Lẹ́yìn ìkórè, kí òjò tó múlẹ̀. Gé e ní ìwọ̀n orúnkún, kí ojú ibi tí o gé dagun kí omi má baà dúró síbẹ̀. Apá kan oko ni kí o kọ́kọ́ gé, nítorí ó lè tó ọdún méjì kí èyí tí a gé tó tún so.