Báwo la ṣe máa yẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń fẹ̀yìn tì sí?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀, Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìgbìmọ̀ kékeré kan fẹ́ yẹ́ màmá kan sí tí yóò fẹ̀yìn tì lóṣù kẹwàá nídìí iṣẹ́ àwọn tí à ń pè ní speech therapist. Àwọn akólòlò, àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè àti àjà ẹnu tó là, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ màmá kọjá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àwo ìrántí kan, ìwé tí a fẹ́ kọ sí ẹgbẹ́ wọn láti fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ, àti ayẹyẹ wákàtí mẹ́ta ní Táńkẹ̀. Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé yẹn? Kí ló sì máa ń bá irú ayẹyẹ báyìí jẹ́?

Ìyá Oníkíláàsì:
Ẹ kú ìmúra. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń wọ́. "Wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun, wọ́n láàánú, wọ́n fẹ́ràn ọmọdé" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí àwọn tó máa yẹ ìwé náà wò ń wá ni ohun tí kò sí kí màmá tó dé, tó wá wà.

Ẹ wò ó báyìí. Káàdì àwòrán tí wọ́n fi ń dán ọmọ wò, bó bá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní gb nínú, kò sì ka ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ sí. Ọmọ tó ń pe kọ́kọ́rọ́ ní tọ́tọ́rọ́, káàdì òyìnbó lè rí i mú, torí k àti t wà lédè tiwọn náà. Èyí tó ń pe igbá ní ibá, kò ní rí i láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, àti ọkọ ìyàwó. Bí màmá bá ti ya káàdì Yorùbá fúnra wọn, tí wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe ń lò ó, odidi ojú ìwé kan ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ so fọ́tò káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín àìsàn àti ẹ̀ka èdè: ẹni tó ń pe iṣu ní isu, bóyá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tọ́jú níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, aláìsàn mẹ́ta péré, láìdárúkọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: ọmọ ọdún 5, àjà ẹnu rẹ̀ là, wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ rán an, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ 10 tó bá sọ, àjèjì kì í gbọ́ ju 3 lọ; lẹ́yìn ìtọ́jú oṣù 8, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àjèjì ń gbọ́ 8. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú fáìlì, ẹ ní kí màmá fúnra wọn yọ ọ́. Ẹ má fojú díwọ̀n.

Ẹ fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn sójú ìwé kìíní. Lábẹ́ òfin ọdún 1988, Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́tà ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó: ti ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, ti dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ti mọ̀lẹ́bí aláìsàn kan. Bí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra bí ìbejì, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ má kọ "Dókítà" síwájú orúkọ wọn bí wọn ò bá gba oyè náà o. Ìyẹn kì í ṣe iyì, àṣìṣe ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló sì máa kọ́kọ́ rí i.

Ní tèmi, àwo kì í ṣe olórí nǹkan. Ní Australia, Elinor Wray ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Sydney lọ́dún 1931. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn fi sọ ọ̀kan nínú àwọn àmì ẹ̀yẹ wọn. Ti Amẹ́ríkà tún wù mí jù ú lọ. ASHA, ẹgbẹ́ wọn tó ti wà láti 1925, fi orúkọ Annie Glenn sọ ẹ̀bùn kan, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́ ìtọ́jú. Akólòlò ni, ìyàwó John Glenn tó lọ sí òfuurufú. Ó ti pé ẹni ọdún 53 kó tó gba ìtọ́jú ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ní Roanoke lọ́dún 1973 tí ọ̀rọ̀ wá ń já gaara lẹ́nu rẹ̀. James Earl Jones, òṣèré tí ohùn rẹ̀ ń dún bí àrá, tí ìkólòlò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di odi ní kékeré, ni wọ́n kọ́kọ́ fún lọ́dún 1987.

Ẹ dín owó àwo kù, kẹ́ ẹ fi ìyókù dá ẹ̀bùn ọdọọdún sílẹ̀ lórúkọ màmá, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ohun èlò ìdánwò lédè Yorùbá. Àwo á gba eruku.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀, Ìlọrin:
A dúpẹ́. A ti sanwó àwo ná. Lẹ́tà ẹ, ṣ àti ọ̀ wà nínú orúkọ màmá, àmọ́ àpẹẹrẹ tí onífínfín, ẹni tó ń fín orúkọ sórí àwo, kọ́kọ́ fi hàn wá kò ní àmì kankan. Akólòlò kan àti bàbá kan tó ní rọpárọsẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. A sì ti bá àwọn onídàdàkúàdà sọ̀rọ̀.

Baálé Kọ̀ǹpútà:
Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, kí orúkọ wọn wá pàdánù ohùn! Fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà onífínfín ni kò ní àmì wa. Yóò jù ú nù tàbí kó gbé àpótí kékeré síbẹ̀. Ẹ fi fọ́ǹtì Gentium tàbí Charis SIL kọ orúkọ náà fúnra yín. Nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, ẹ mú gbogbo ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+Q kó di àwòrán, kẹ́ ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́. Kò ṣeé tún sípẹ́lì ṣe mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan síbìkan. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fín in sórí àjákù: bí lẹ́tà bá kéré jù, àmì ìsàlẹ̀ ẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá dà bí ìdọ̀tí.

Ìyá Oníkíláàsì:
Ní ti àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀: ẹ kìlọ̀ fún olùdarí ètò pé kò gbọdọ̀ bá akólòlò parí ọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ ní "ẹ mí kanlẹ̀", kò sì gbọdọ̀ lu aago àkókò fún un. Ojú rẹ̀ ni kó máa wò títí tó fi sọ ọ́ tán. Bàbá yẹn, ẹ fi tiwọn síbẹ̀rẹ̀ ètò, nítorí bó bá ti rẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ á túbọ̀ máa sá fún wọn. Gbólóhùn méjì, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì, kí wọ́n ti fi dánra wò nílé. Bí wọ́n bá wá yí ọkàn padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Fídíò "bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ rèé" kò gbọdọ̀ jáde bí oní-nǹkan tàbí òbí rẹ̀ kò bá buwọ́ lùwé.

Dàdàkúàdà dáa, àmọ́ ìparí ni kó wà. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ etí ń gbé ariwo ìlù ga pẹ̀lú ohùn ni. Ẹni tó lò ó kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́fun, omi lásán ló sábà máa ń pá a lórí ju ẹ̀kọ mímu tó ki lọ, ẹ̀pà àti ìrẹsì gbígbẹ sì léwu fún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ohun tí wọ́n ní kó máa jẹ, kí alásè tó gbé ìkòkò kaná.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀, Ìlọrin:
A ti sún ayẹyẹ náà sí ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, àyájọ́ àwọn akólòlò lágbàáyé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Onífínfín ní àjákù á jáde lọ́la.