Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àgbo Kòríà fún àlẹ́jì, ọkọ mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa ní Kòríà. Daegu làwa wà. Tí òtútù bá ti lọ báyìí tí igi páìnì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìyẹ̀ yẹ́lò tó máa ń bo orí mọ́tò yẹn, ọkọ mi ò ní gbádùn mọ́ nìyẹn, á máa sín, imú á máa dà, ojú á máa yún un títí á fi pọ́n. Ọ̀gá ibiṣẹ́ ẹ̀ mú un lọ sí hanuiwon, ìyẹn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi oògùn ìbílẹ̀ Kòríà tọ́jú èèyàn, dókítà di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yẹ ahọ́n ẹ̀ wò, ó fún un ní àgbo kan tí wọ́n ń pè ní so-cheong-ryong-tang. Wọ́n ti sè é sínú ọ̀rá pélébé-pélébé, ó dúdú, ó kan, ó tún ń ta lẹ́nu. Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọkọ mi ń lò lójoojúmọ́, kò sì lè ṣàlàyé ìyẹn fún dókítà torí Korean ẹ̀ ò tíì dáa. Ṣé kó mu ún? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ kó má tíì mu ún o! Egbòogi kan tí wọ́n ń pè ní ma-hwang wà nínú ẹ̀, ephedrine ló sì wà nínú ma-hwang, òun ló ń jẹ́ kí imú tó dí là, òun náà ló ń jẹ́ kí àyà máa lù kìkì kí ẹ̀jẹ̀ sì ru. Gamcho, ìyẹn gbòǹgbò licorice, náà wà níbẹ̀, ìyẹn náà ò dáa fẹ́ni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń ru tó bá mu ún púpọ̀. Kó padà lọ, kó mú páálí oògùn ẹ̀ dání.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Òótọ́ ni. Èmi mu ún, imú mi gbẹ lóòótọ́ àmọ́ mi ò róorun sùn.

Bọ̀dá Seoul: Ẹ má bẹ̀rù dókítà yẹn ṣá, ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní yunifásítì kí wọ́n tó ṣèdánwò ìjọba. Tó bá ti mọ̀, ó lè fún un ní òmíì tí ò ní ma-hwang, irú bí ok-byeong-pung-san. Kó má ṣáà fi àgbo ilé lé e lórí o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rá yẹn wà nínú fíríìjì, kò tíì mu ìkankan. Báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ ọ́ síwèé: 고혈압, go-hyeol-ap, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n bóyá 마황, ìyẹn ma-hwang, wà nínú ẹ̀. Kó má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ dúró o, ẹ jọ̀ọ́.