Ẹ bá mi wá kàtúùnù onídán, àti ìwé tí kò ní jẹ́ kí n sùn

ÌyáÀdùkẹ́, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú àárọ̀ o. Ọlidé ti dé. Mo ń wá kàtúùnù onídán tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wò, tí èmi náà ò ní sùn lọ nídìí ẹ̀. Fún ara mi, mo fẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì tó ń da ọkàn rú, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀ níbẹ̀.

ỌmọLàgéré: Avatar: The Last Airbender ni, ẹ má wulẹ̀ wá òmíì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ó parí ní 2008, apá 61. Aang, ọmọ ọdún 12, há sínú yìnyín fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Kó tó jí, ogun ti pa àwọn ará ilé rẹ̀ tán. Aang ni Avatar, ẹni tó lè darí omi, ilẹ̀, iná àti afẹ́fẹ́. Bí Avatar kan bá kú, wọ́n á tún un bí sí ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Babátúndé ò ní béèrè àlàyé. Ṣùgbọ́n Iroh ni tèmi, bàbá arúgbó tó fẹ́ràn tíì. Ó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ tó kú sójú ogun sídìí igi, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì há. Mo ní láti dá a dúró.

Òṣómàáló_Iléṣà: 61! Ta ló máa ra dátà? Ẹ wo Iwájú, apá mẹ́fà péré, 2024. Ilé-iṣẹ́ Kugali ló bá Disney ṣe é. Èkó ọjọ́ iwájú ni, ọkọ̀ ń fò, mẹ̀kúnnù ṣì ń jìyà. Alángbá rọ́bọ́ọ̀tì tí bàbá Tọlá, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, fún un yóò dùn mọ́ ọmọ yín. Kò sí idán níbẹ̀ ṣá, ó sì tètè parí jù.

Tísà_ÒkèẸ̀sọ̀: Ẹ jẹ́ á bọ́ sórí ìwé. Solaris, Stanisław Lem ọmọ Pólàǹdì, 1961. Òkun kan bo ayé kan, ó jọ pé òkun náà ń ronú. Kelvin dé ibùdó tí wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀. Ó jí, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló jókòó tì í. Àkúdàáyà pọ́ńbélé! Àmọ́ àkúdàáyà tiwa mọ̀ pé òun ti kú, bó bá rí ará ilé, á pòórá. Obìnrin yìí ò mọ̀. Aṣọ rẹ̀ ní bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò síbi tó ti ń ṣí, àfi kí wọ́n gé e. Ibẹ̀ lara mi ti bù máṣọ. Kelvin tàn án wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yìn ín lọ. Obìnrin náà tún padà wá. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé inú ìwé náà bá sú yín, ẹ fò ó.

ÌyáÀdùkẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Bọ́tìnnì yẹn nìkan ti tó.

ỌmọLàgéré: Rosewater ti Tade Thompson ńkọ́? Nàìjíríà ọdún 2066. Ohun àjèjì kan ń wo aláìsàn sàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n òkú tó wà nítòsí náà ń dìde. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì, ní 2019.

Tísà_ÒkèẸ̀sọ̀: Wọ́n ní kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀, o ń júwe ìyẹn? Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sí Àdùkẹ́.

Òṣómàáló_Iléṣà: Tísà, ẹ yá wa ní Solaris yẹn.

Tísà_ÒkèẸ̀sọ̀: Èmi? Kí n yá Òṣómàáló ní nǹkan? Wá kà á ní gbàgede mi.