Ẹ̀yin tó ti wọ igbó inú ìkùukùu rí, kí lojú yín rí níbẹ̀?

Ẹsẹ̀ògbélé: Kì í ṣe igbó lásán ni mò ń bèèrè o. Ti orí òkè ilẹ̀ olóoru ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ìkùukùu máa ń gba àárín igi rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, bíi Monteverde ní Costa Rica tàbí Bwindi ní Uganda. Ó yá, ẹ rò ó.

Arìnká: Monteverde lèmi dé. Omi ń kán sí mi lórí láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Amọ̀nà wa ní ìkùukùu ni, pé bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e kọlu ewé àti mọ́ọ̀sì, ewéko kéékèèké tó máa ń bo ara igi bí aṣọ, á di omi, á máa ro wálẹ̀. Kò sí ẹ̀ka tó wà ní ìhòòhò níbẹ̀: mọ́ọ̀sì, fern tí kì í yọ òdòdó, ọ́kíìdì tó máa ń yọ òdòdó, gbogbo wọn ló gun ara wọn. Ẹ̀wù tí mo sá lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, tútù ni mo ká a sínú báàgì nígbà tí mò ń lọ.

Kòdámilójú: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe òjò òru ló kù sórí ewé?

Arìnká: Òjò òru wo ló ń kán di ìrọ̀lẹ́?

Tísà Ewéko: Ẹ má jà. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ìkùukùu yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí odò gbẹ. Ẹ gé igi kúrò, ìkùukùu á kàn fẹ́ kọjá ni. Igbó La Tigra tó wà lórí òkè nítòsí Tegucigalpa, olú-ìlú Honduras, apá ńlá nínú omi tí wọ́n ń mu nílùú náà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Bọ́sẹ̀ Olódòdó: Ọ́kíìdì tẹ́ ẹ ń yìn yẹn, ṣé àfòmọ́ kọ́? Igi ló ń pa lọ yẹn.

Tísà Ewéko: Rárá o, àbúrò mi. Àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ inú igi, a sì máa fa omi rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì kàn jókòó ni. Nínú òjò, ìkùukùu àti ewé jíjẹrà tó há sórí ẹ̀ka ló ti ń jẹun.

Bọ́sẹ̀ Olódòdó: Ṣé kò wúwo ni?

Arìnká: Ó wúwo o! Ẹ̀ka kan já níwájú wa tòun ti ẹrù orí rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ Olódòdó: Ẹ ṣeun. Àfòmọ́ ni.

Màmá Tolú: Ìnàkí ni mo bá lọ sí Bwindi, ẹrẹ̀ àti èèsìsì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Nígbà tá a rí wọn, akọ ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun jókòó sínú ìkùukùu, ó ń jẹ ewé, kò tilẹ̀ wò wá. Ibẹ̀ àti òkè Virunga, ní ààlà Uganda, Rwanda àti Congo, nìkan ni irú ìnàkí yẹn kù sí láyé.

Jẹ́jẹ́: Èmi ò wọ ibi tí mi ò ti ní rí ẹsẹ̀ ara mi.

Kòdámilójú: Àbí ó gbọ́dọ̀ ga ju mítà 1,500 kó tó lè jẹ́ irú igbó yìí?

Ẹsẹ̀ògbélé: Ọ̀pọ̀ ló wà láàárín 1,500 sí 3,000, àmọ́ lórí òkè kékeré etí òkun, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti bíi 500. El Yunque ní Puerto Rico ò tó mítà 1,100, síbẹ̀ igi orí téńté rẹ̀ ti ràrá, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Alákèré: Arìnká, ṣé wọ́n sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà fún yín? Òkè Monteverde yẹn nìkan ló ń gbé. Lọ́dún 1987 wọ́n rí i ju 1,500 lọ. Nígbà tó di 1989, akọ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́.

Arìnká: Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ooru ayé ló pa á.

Alákèré: Àrùn chytrid ni! Ara ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bà jẹ́.

Tísà Ewéko: Ọ̀dá ti 1986 sí 1987 ńkọ́, èyí tí El Niño fà, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ilẹ̀ bá ń gbóná, ìkùukùu á máa gòkè sí i. Ẹranko ìsàlẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Èyí tó ti wà lórí téńté, ibo ni kó lọ?

Kòdámilójú: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bàtà wo ni kí n wọ̀ lọ?

Màmá Tolú: Bàtà òjò, ọmọ mi. Èyí tó ga dé orúnkún.