Mo kúrò lórí GSX-R, mo bọ́ sórí FJR1300: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe kí ara lè tù mí?

Ẹlẹ́sẹ̀_Gígùn (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọdún 8 ni mo fi gun GSX-R750, báìkì eré ìje ti Suzuki. Báìkì yẹn sìn mí dáadáa, mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́, àmọ́ mo ti pé 46 báyìí, tí mo bá gùn ún láti ilé dé Ìbàdàn, bí mo bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa di ẹ̀yìn mú, ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì á máa ro mí títí di ọjọ́ kejì, torí orí ọwọ́ ni gbogbo ara máa ń dà sí. Ìyàwó mi ní tiẹ̀ ti kọ̀ ọ́ pátápátá, ó ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé òun ò gùn ún mọ́ láyé.

Ni mo bá tà á, mo fowó kún owó, mo ra FJR1300 ti 2014, báìkì ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ti Yamaha, tòkúnbọ̀. Inú mi dùn kọjá sísọ. Kò sí ṣéènì tí mo máa máa fọ̀ tí mo máa máa fi epo pa, ṣáàfù ló fi ń yí táyà ẹ̀yìn, táǹkì ẹ̀ ń gba lítà 25, gíláàsì iwájú ẹ̀ bọ́tìnnì lásán lèèyàn máa tẹ̀ tó máa lọ sókè tó máa wá sílẹ̀. Mo ní ìrora ti parí nìyẹn.

Kò tíì parí o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gùn ún. Tí mo bá ti kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá akoto mi sọ́tùn-ún sósì, ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé etí mi ń hó tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́. Tó bá ti tó wákàtí kan ààbọ̀, ìdí mi á ti kú, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, tí mo bá sì tẹ búrẹ́kì màá yọ̀ lọ bá táǹkì níwájú. Mo ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, orúnkún mi ká jù. Nínú go-slow ooru ẹ́ńjìnnì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Ó tún wá wúwo, kìlò 289, ti tẹ́lẹ̀ ò ju bíi 190 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń yí i padà lẹ́nu géètì ilé wa.

Ní December èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gbé e lọ sí Lomé, ká gba Sèmè bọ́ sí Kútọnu, ká sùn ní Grand-Popo ká tó wọ Tógò. Mo ti ń wo ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: gíláàsì iwájú tó ga ju èyí lọ, ìjókòó tí wọ́n fi gel sí, irin tí wọ́n fi ń gbé háńdù sókè, àpótí ẹ̀yìn. Owó mi ò ká gbogbo ẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Bàbá_Súpánà (Ìbàdàn)

Àbúrò, o kú oríire o, a ó fi rìn're. Má tíì ra nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn, àmọ́ ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú báìkì tí mo ń tò ó, mo sì ti rí ẹni tó ra gíláàsì mẹ́ta tẹ̀léra wọn kó tó yé e pé ìjókòó ló ń bá a jà. Báìkì tòkúnbọ̀, bí ẹni tó gùn ún lókè òkun ṣe tò ó fún ara tiẹ̀ ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tó bá jẹ́ èèyàn kúkúrú ńkọ́?

Kọ́kọ́ ṣí ìjókòó awakọ̀. Ti FJR yẹn ní ipò méjì, 805 mílímítà àti 825, ó dá mi lójú bí àdá pé ìsàlẹ̀ ni tìẹ wà. Gbé e sí ti òkè. Ṣẹ̀ǹtímítà méjì péré ni o, àmọ́ orúnkún rẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà. Háńdù ẹ̀ náà ní ipò mẹ́ta, tú u kí o fà á sún mọ́ ara rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Ká tiẹ̀ ní o padà ra irin tó ń gbé e sókè yẹn, tí o bá ti dè é tán, yí háńdù dé òpin lọ́tùn-ún, yí i dé òpin lósì, kí o wo hose búrẹ́kì àti ti kílọ́ọ̀ṣì bóyá wọ́n ń nà. Èyí tó bá nà, ojú ọ̀nà ló máa já.

Ó kan táyà. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin lápá ìparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún, tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ máa ń dán lójú bíi tuntun kó sì ti gbó, á ti le bí igi, gbogbo gálọ́ọ̀pù ló máa bá ọ délé. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ 39 psi níwájú, 42 psi lẹ́yìn, àárọ̀ kùtù kí báìkì tó rìn rárá ni kí o wọ̀n ọ́n, ra gééjì tìẹ, má jẹ́ kí fọkanáísà ẹ̀bá títì fi ojú wọ̀n ọ́n fún ọ.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ní ọwọ́ kan tí wọ́n kọ SOFT àti HARD sí, ìwé báìkì fi ibi tó wà hàn, ọ̀pọ̀ ló ń gùn ún fún ọdún mẹ́ta tí wọn ò mọ̀ pé ó wà. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan, SOFT. Tí ìyàwó bá ti gun ẹ̀yìn tí ẹrù sì wà níbẹ̀, HARD. Ti iwájú, kí ẹnì kan bá ọ gbé e sókè díẹ̀ kí fọ́ọ̀kì, irin méjì tó di táyà iwájú mú, nà tán, wọ̀n ọ́n, wá jókòó lé e pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí o fi ń gun báìkì, kí ó tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ ẹ̀, 30 sí 40 mílímítà ló dáa fún ojú ọ̀nà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún spring ẹ̀ le sí i.

Ọ̀rọ̀ ooru, bi ẹni tó tà á fún ọ bóyá coolant gidi, omi tí wọ́n ṣe fún títu ẹ́ńjìnnì lára, ló wà nínú ẹ̀ àbí omi lásán, kí o sì wò ó bóyá fáànù máa ń ṣiṣẹ́ tó bá gbóná. Ti 2006 wá síbí dín ooru kù ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà tó bá ń jó ọ lẹ́sẹ̀ gan-an nǹkan kan wà tí kò ṣe déédéé. Má fi jíǹsì gùn ún, wọ ṣòkòtò báìkì gidi.

Ìwúwo ẹ̀ ní tiẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń tà fún un. Wá pápá tó ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, máa yí i po níbẹ̀ ní jíà kíní, kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ lórí búrẹ́kì ẹ̀yìn, kí o máa wo ibi tí o ń lọ, má wo ilẹ̀. Tí háńdù bá ti yí, má fọwọ́ kan búrẹ́kì iwájú, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣubú. Ó dá mi lójú pé ohun tó ṣe ọ lẹ́nu géètì nìyẹn. Àwọn zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà Kútọnu, máa yí ọ ká níbi iná ojú pópó bí oyin, kí ó ti mọ́ ọ lára kí o tó débẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Kent

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Súpánà, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn, èmi náà bọ́ sílẹ̀ lórí R6, báìkì eré ìje ti Yamaha, Tracer 9 GT, ti ìrìn-àjò, ni mo ń gùn níbí báyìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ yẹn torí ó jẹ mí lówó púpọ̀ kí n tó mọ̀.

Gíláàsì gíga kọ́ ni oògùn ẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó ń gbá akoto yín ni afẹ́fẹ́ tó bọ́ létí gíláàsì tó sì ń lọ́ra pọ̀. Ẹ wá ọ̀nà tó gbalẹ̀ tó sì dá, ẹ gùn ún níwọ̀n 100 yẹn, ẹ gbé gíláàsì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ wá dìde díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kí orí yín yọ sókè. Tí ó bá dákẹ́ tó jẹ́ atẹ́gùn tó lọ geere ló kù, a jẹ́ pé kò yẹ kí gíláàsì yín ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà èyí tó kúrú ló máa sàn fún ẹni tó ga. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló dákẹ́, ìgbà yẹn lẹ tó lè máa wá èyí tó ga. Nínú ooru ilé, gíláàsì tó ga bo gbogbo àyà, ẹ̀ẹ́ kàn máa làágùn lẹ́yìn ẹ̀ ni, tí ẹ bá tún gbé e sókè tán, ẹ máa rí i pé afẹ́fẹ́ á máa tì yín láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìyẹn á tún dá kún ọwọ́ tó ń ro yín.

Ẹ jọ̀ọ́, etí tó ń hó lálẹ́ yẹn, ẹ má fi ṣeré rárá. Afẹ́fẹ́ inú akoto ló ń pa etí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú etí kì í padà. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ aláriwo ń lò, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ ra ti ìyàwó yín náà.

Ìyá_Ẹ̀yìn_Báìkì (Mushin)

Ẹ kú ìjíròrò o. Gbogbo yín ẹ ti sọ̀rọ̀ awakọ̀ tán, ta ló máa sọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn? Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ mi, a ti lọ Ìlọrin a ti bọ̀, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kí ọkọ mi tó ra àpótí ẹ̀yìn tó ní tìmùtìmù, gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lójijì ni mo máa ń fò sẹ́yìn, mo máa ń rò pé mo ti bọ́. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi di ìgbànú ẹ̀ mú, nígbà tí a máa dúró, ìka mi ò nà mọ́, òun ló ń bá mi tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ló yé e. Lẹ́yìn tó ra àpótí yẹn ni mo tó lè wo igbó wo ọ̀nà. Nítorí náà tí ẹ bá máa ra nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n, àpótí tó ṣe é fẹ̀yìn tì ni. Àmọ́ ẹrù fúyẹ́fúyẹ́ ni kí ẹ máa kó sínú ẹ̀, aṣọ òjò, búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó wúwo, inú àpótí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kó wà, nísàlẹ̀, kí ẹ pín in dọ́gba. Nígbà tí a kó ẹrù wúwo sí ti òkè, háńdù ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọkọ mi.

Tí ọkọ mi bá fẹ́ tẹ búrẹ́kì, ó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí, màá fọwọ́ ọ̀tún ti táǹkì, kò sí akoto tó ń gbá akoto mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó wá. Ẹ má ra ti gel látòkè òkun, oòrùn ilé wa máa sè é, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí tiwa fi gbóná bí àwo ọbẹ̀ nígbà tí a páàkì. Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ bá àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò. Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbé tiwa fún, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló kì sínú ẹ̀, ó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lọ́jọ́ tó gbé e wá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, irin la ń jókòó lé. Ẹnì kejì fi ọ̀bẹ gé e kúrò, fóòmù líle aláwọ̀ oríṣiríṣi yẹn ló lò, èyí tí wọ́n fi èérún fóòmù lẹ̀ pọ̀, ó gbẹ́ ẹ kí ibi ìdí fẹ̀, kí iwájú ẹ̀ gbé sókè díẹ̀ kí èèyàn má bàa máa yọ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì jókòó lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé ibì kan ń gún mi lápá òsì, ó bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo tún jókòó. Ẹ mú ìyàwó yín dání lọ o, ẹ má dá lọ.

Ẹ má gbàgbé Brown Card ti ECOWAS, íńṣúránsì tí wọ́n máa béèrè lẹ́nu ibodè nìyẹn, ẹ ti gbà á sílẹ̀ láti ilé.

Ẹlẹ́sẹ̀_Gígùn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ó ti tó oṣù kan tí mo kọ ìbéèrè yẹn, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Bàbá Súpánà, ìjókòó wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé e sókè, mo fa háńdù sẹ́yìn, orúnkún àti ọrùn ọwọ́ ti tó ìdajì àlàáfíà. Táyà ẹ̀yìn, 0914 ni mo bá lára ẹ̀, èyí tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ ni! Mo ti pààrọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni owó gíláàsì lọ. Omi lásán ló sì wà nínú radiator, ẹ ò rí nǹkan, nígbà tí a da coolant sí i tí a tún wáyà fáànù kan tó já ṣe, ooru yẹn rọlẹ̀.

Àbúrò mi ní Kent, gíláàsì nísàlẹ̀ ni ìdáhùn. Mo ti ń wá èyí tó ga, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Fóòmù etí ti wà lápò mi.

Ìyá Ẹ̀yìn Báìkì, mo mú ìyàwó mi dání lọ síbi ìjókòó. Ọkùnrin náà béèrè ibi tó ń dùn ún, ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀, ó gba ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé lọ́wọ́ ẹ̀, ó fa ìlà sórí fóòmù níbi tó fẹ́ kó gbẹ́. Sátidé tó kọjá a lọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí a dúró mu omi ní Ṣàgámù, mo bi í bóyá kí a sinmi díẹ̀ sí i, ó ti wọ akoto ẹ̀ padà.

Ìbéèrè kan ló kù: nínú àwọn tó ti gùn dé Lomé, ta ló mọ ibi tí èèyàn lè páàkì báìkì sí lóru ní Grand-Popo kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀?